Ilé Ọta Méje Tó Wà Lájà Denzil

Rárá o. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo wí, mi ò wí ọdún méjì. Ọta sì wà nínú wọn ní gbogbo àkókò yẹn, wọ́n kún dẹ́nu. Ẹni tí kò bá gbà á, kó lọ bi Hobart léèrè, ojú ẹ̀ ló ṣe.

Bàbá tó bí Denzil Sizemore ló kó wọn bọ̀ láti ojú ogun: ilé ọta méje, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tì bọ ìdí ìbọn ìléwọ́. Ó ki ọta méje-méje sínú wọn, ó gbé wọn sínú àpótí lókè àjà, ó sì kú. Eku tó bá wọn níbẹ̀ ti bí ọmọ, ti bí ọmọ ọmọ, ó ti di ìlú eku kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn wọ́n.

Denzil náà ti pé ọgọ́rin ọdún ó lé kan. Ọjọ́ tí wọ́n sin Opal ìyàwó ẹ̀, ó búra létí sàréè, lójú gbogbo ìjọ, pé òkú òun nìkan ni wọ́n máa gbé kúrò nínú ilé òun. Ní àfonífojì wa ní Kentucky, ẹni tó bá da irú ìbúra bẹ́ẹ̀, ajá pàápàá kì í gbó o mọ́.

Arlene, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń gbé ní Lexington. Oṣooṣù ló ń wá bẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kẹfà yẹn, ó tún dé. Hobart aládùúgbò wọn jókòó, ó ń mu kọfí wọn bó ṣe ń mu ún láràárọ̀. Òun náà ò níyàwó mọ́. Bí Denzil bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò bá sọ̀rọ̀ mọ́ àfi igi.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ. Yàrá yín ti wà nílẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ fi yàrá ìgboro ṣe? Ibo ni fèrèsé ẹ̀ kọjú sí?"

"Ibi tí oòrùn ti ń yọ."

"Ilé ọ̀lẹ! Omi gbígbóná ń dé ibẹ̀ ni?"

"Ó ń dé ibẹ̀, Dádì."

"Ẹ wá wo nǹkan!" Denzil tutọ́.

"Arlene, má da ara ẹ láàmú," Hobart sọ. "Òkè yẹn á ṣí nípò kí bàbá ẹ tó ṣí."

Denzil wò ó títí. Ló bá dìde, ó gun àjà lọ. Ilé ọta mẹ́rin mìíràn wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan nínú wọn, wọ́n wà nínú bébà olóròóró, wọ́n ń dán bíi bàtà Sọ́ńdè. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn méje tó kún ló gbé wá, pẹ̀lú ìbọn bàbá ẹ̀.

"Mo máa yìn wọ́n ní Sátidé, lójú gbogbo ìjọ. Bí ọta kan ṣoṣo bá há, á jẹ́ pé Ọlọ́run ló ní kí n lọ. Mo bá Arlene lọ nìyẹn."

"Orí ẹ dàrú ni?" Hobart fò dìde. "Sípíríǹgì inú wọn tó ń ti ọta sókè, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ayé ogun? Ó ti kú, ó ti jẹrà!"

"O rò bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ ọwọ́ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀!"

"Sátidé náà ni," Denzil wí.

Ní Túsìdé, Hobart gbé sípíríǹgì tuntun méje wá nínú àpò ṣòkòtò.

"Gbà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi Denzil ni kí n rẹ́ni jẹ? Jáde!"

"Fi kẹrosíìnì fọ inú wọn nígbà náà. Gírísì àtijọ́ yẹn ti di àtè!"

Denzil ṣí ìdí ọ̀kan, ó fa sípíríǹgì jáde, ó yẹ gírísì dúdú náà wò, ó dá a padà bó ṣe wà. Ó wá bu gírísì tuntun lé e lórí bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì.

"Báyìí ni bàbá mi ṣe ń ṣe é."

"Ọ̀kan yìí ńkọ́? Ẹnu ẹ̀ ti wọ́!"

"Òun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀."

Ní Tọ́sìdé, ó kó adìẹ ẹ̀ mọ́kànlá lọ sí ilé Hobart. Ó ní ariwo wọn kò jẹ́ kóun ráyè ṣiṣẹ́. Hobart kò sùn mọ́jú. Ọta tuntun ló bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà lò, Denzil sì gbà.

Sátidé, gbogbo ìjọ dé sí pápá ẹ̀yìn ilé Denzil. Àwọn obìnrin gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo wá. Arlene wà níbẹ̀ láti àárọ̀.

Èyí tẹ́nu ẹ̀ wọ́ ló kọ́kọ́ tì bọ ìbọn. Gbàù! Gírísì fò lọ bá pásítọ̀ níwájú orí. Gbàù, gbàù, ó pé méje. Ìkejì, ó pé. Ìkẹta, ó pé. Nígbà tó dé ìkẹfà, òógùn Denzil lè bomi rin oko. Hobart di fìlà ẹ̀ mẹ́nu.

Ó ku ọta kan. Denzil dúró. Ó gbọn ìbọn náà jìgìjìgì, ó wò ó, ó tún gbọ̀n ọ́n.

Gbàù!

Ariwo sọ. Hobart ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó dì mọ́ ọn, ó gbé e sókè. Arlene náà nu ojú ẹ̀ nù.

"Dádì, mo gbà fún yín. Mi ò ní bẹ̀ yín mọ́."

"O ò ní bẹ̀ mí mọ́?"

"Láé, Dádì."

"Kódà nígbà òtútù?"

"Mo ti búra."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Hobart ò rí ọ̀rẹ́ ẹ̀, ló bá bu ẹ̀wà kún àwo, ó wá a lọ. Ẹ̀yìn àká ló ti bá a, nídìí mọ́tò Arlene, tó ṣí bùùtù sílẹ̀, tó ń fa àpótí aṣọ tiẹ̀ méjèèjì tó ti dì sílẹ̀ fún Lexington jáde níbi tó kó wọn pamọ́ sí láti àárọ̀ — ẹ̀wà tiyín yẹn ṣì kù níkòkò, àbí? Ẹ bù ú wá.