Ìṣẹ́jú Kan fún Olóògbé Wendell Kruczek

Gbogbo pápá bẹ́sìbọ́ọ̀lù dìde fùú.

"Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan," ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń wí, "nítorí Wendell Kruczek, tó fi ọdún mọ́kànlá ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Herons wa, tó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Arlene wo ọkọ rẹ̀. Bàbá náà ti ṣí fìlà, ó gbé e lé àyà, búrẹ́dì oní-sọ́séèjì ṣì kún ẹnu rẹ̀.

Ọkùnrin iwájú wọn ń nu ojú. "Ọwọ́ Wendell dáa o, bàbá! Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ni ò lè mú bọ́ọ̀lù. Bó ṣe ń jù ú tó, wọ́n á jẹ́ kó bọ́!"

"Òótọ́ lo sọ," ni bàbá fèsì. "Wọ́n ba ayé ẹ̀ jẹ́ ni."

Arlene fi ìgúnpá gún un.

"Bàbá Doreen, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, àbí kí n sọ ọ́?"

"Dákẹ́ jàre, Arlene! Látọjọ́ tí wọ́n ti ń pe orúkọ mi ní pápá yìí, òní nìkan ni ẹnikẹ́ni ò hó lé mi lórí."

Ó gbé sọ́séèjì mì.

"Jẹ́ kí n ṣì kú díẹ̀ sí i."