Ìjà Dúróònù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Bí wọ́n bá ti kírun àsárì tán, Mùílì télọ̀ á sọdá gọ́tà, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ Oyèdèjì ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sì dá ìjà sílẹ̀. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ìjà lórí orílẹ̀-èdè tí dúróònù rẹ̀, ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní awakọ̀, gbóná jù lójú ogun ni. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó wà nítòsí a tiẹ̀ máa pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

Ọgbọ̀n ọdún ni Oyèdèjì fi tún rédíò ṣe, kò sì sí ìròyìn ogun tó ń fò ó ru. Àmọ́ láti oṣù mẹ́ta tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti fà á lẹ́nu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Goodness fún un ní ìwé kan pé kó máa pe "pa, ta, ka" lójoojúmọ́. Oyèdèjì ya ìwé náà, ó ní òun kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Dorcas, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń múra ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí bàbá òun gba máíìkì lọ́jọ́ náà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ gbàdúrà fún òun. Kò fẹ́ kí mọ̀lẹ́bí kankan bá a ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Mùílì na ẹsẹ̀, ó ní, "Ìráànì ló ni dúróònù Bayraktar."

"Tọ́... Tọ́kì!"

"Mi ò gbọ́." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mùílì yìí máa ń gbọ́ nígbà tí àwọn oníbàárà bá ń bú u láti òdìkejì títì.

"Tọ́kì ló ni ín! Bọ́ǹbù mẹ́rin ló ń gbé. Tó bá jù wọ́n tán, á... á padà sílé."

"Irọ́. Shahed ti Ìráànì ló ń padà sílé."

"Shahed kì í padà! Òun fúnra rẹ̀ ni bọ́ǹbù. Ó ń dún bí ọ̀kadà tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ já."

Mùílì yọjú wo ìwé tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ìwé ìwọ̀n aṣọ rẹ̀, èyí tó máa ń fi sábẹ́ itan. Ó tún wo aago. "Ó dáa. Ṣebí Ṣáínà ló ni Reaper tó lágbára jù?"

"Amẹ́ríkà! Òpè!" Oyèdèjì ti ń làágùn. "Reaper lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ kan rẹ̀ á ra Shahed tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ọgọ́rùn-ún bá... bá dà bò ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mélòó lo máa yìn lulẹ̀?"

"Ka orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra, ká mọ̀ bóyá o mọ̀ wọ́n."

Inú bí Oyèdèjì débi pé ó dìde lórí àga, ó sì ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, Mùílì ò jàre rí lọ́jọ́ kan, síbẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni kì í wá, nítorí ó ní ọjọ́ yẹn lòun ń lọ ra bọ́tìnnì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ òfìfo ló sì máa ń mú bọ̀.

Dorcas já síta. "Bàbá Télọ̀, ẹ dákun, ṣé ẹ fẹ́ pa bàbá mi fún mi ni? Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ bínú. Ẹ má wá mọ́ sà, títí ìgbéyàwó mi á fi kọjá."

"Dorcas, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ dúróònù yẹn ti tó."

Mùílì wo Oyèdèjì, ó gbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mì. "Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún."

"Ó ti pọ̀ jù," ló wí, ó sì sọdá gọ́tà lọ. Ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Dorcas gbé e sórí fíríìjì.

Ilé wá pa rọ́rọ́, inú Dorcas sì dùn. Lọ́jọ́ kẹta, Oyèdèjì nawọ́ sí omi dípò kó bèèrè. Lọ́jọ́ karùn-ún, orí ló ń mì. Rédíò ń ka ìròyìn ogun, kò sì yí i sókè. Nígbà tó di ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àwọn ará ìjọ wá kí i nínú sùtánà funfun, wọ́n ní kó ṣe àdúrà oore-ọ̀fẹ́ fún wọn. Ó la ẹnu. "O... o..." nìkan ló jáde. Dorcas sá wọ yàrá, ó sunkún títí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń múra láti mú bàbá rẹ̀ padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Níbi tó ti ń wá káàdì ọsibítù lórí fíríìjì ni ìwé Mùílì ti já bọ́, tó sì ṣí sílẹ̀.

Kò sí ìwọ̀n aṣọ ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ohun tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ rèé: "Ọjọ́bọ̀, lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Goodness. Kó máa sọ̀rọ̀ fún ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́. Kó máa tún un sọ. Kó má mọ̀ pé ìtọ́jú ni." Mùílì fa ìlà sí àárín àwọn ojú ewé yòókù. Lápá òsì: "Òótọ́: Tọ́kì ló ni Bayraktar." Lápá ọ̀tún: "Irọ́ tí mo máa pa lónìí: Ìráànì ni." Ó ti kọ irọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ kọ̀ọ̀kan títí dé ọjọ́ ìgbéyàwó, ohun tó sì wà lórí ojú ewé tọjọ́ yẹn kò ju èyí lọ: "Àdúrà fún Dorcas. Lónìí, mi ò ní já a níyàn."

Dorcas sá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ bàtà, ó pariwo sí òdìkejì gọ́tà pé, "Bàbá Télọ̀, ẹ máa bọ̀ o, Dádì ní Ìráànì ló ni Bayraktar!" Mùílì ò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì rẹ̀ tí ohùn kan fi dún láti orí àga pé, "Tọ́... Tọ́kì!"