Ìyá Eèrà Kò Dúró De Àwọn Tó Kù

Ẹ̀yin tí ìka yín ti wà lórí fóònù, ẹ rọra. Ẹ ka ìtàn yìí kan ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Obìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni iléeṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ gbé ọ́síjìn lọ sí àwọn ọsibítù. Ìyá Eèrà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ó wo bí eèrà ṣe ń wá ọ̀nà oúnjẹ, ó sì kọ́ kọ̀ǹpútà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ eèrà, tí kì í ṣe eèrà gidi, wà nínú kọ̀ǹpútà náà, kálukú ń wá ọ̀nà tó yá fún ọkọ̀. Bí gbogbo wọn bá dé tán, wọ́n á kó ìròyìn jọ, wọ́n á tún jáde. Ọ̀nà tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni awakọ̀ ń gbà. Ọsibítù kankan kò rojọ́ rí. Ọpọlọ obìnrin yìí pé, mo gbà fún un.

2.
Ṣùgbọ́n ìyìn ń pa èèyàn bí ọtí. Àwọn oníbàárà ńlá fẹ́ wá wo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ kó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yí i padà: eèrà tó bá kọ́kọ́ dé, kó kéde lójú ẹsẹ̀, kí àwọn tó ṣì wà lọ́nà yà tẹ̀ lé e.

"Àbúrò mi, àwọn tí kò tíì dé ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ò rí bó ṣe ń yá? Kí la tún ń dúró dè?"

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ títí.

3.
Kò pẹ́, eèrà tó kọ́kọ́ dé gba orí afárá tóóró kan. Ó kéde, gbogbo yòókù ya bò ó. Títì gbòòrò wà níwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí eèrà tó dúró wò ó. Bí gbogbo awakọ̀ ṣe gba ibẹ̀ nìyẹn, tí ọkọ̀ wọn sì há sórí afárá.

Nọ́ọ̀sì kan pè. "Madam, ọ́síjìn wa ti fẹ́ tán! Ọmọ ọwọ́ wà lórí ẹ̀rọ! Níbo lẹ wà?"

Ọpẹ́lọpẹ́ ọsibítù mìíràn tó sáré yá wọn ní sìlíńdà ọ́síjìn ni kò jẹ́ kí ọmọ náà kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọsibítù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ọkọ̀ sì di títà.

4.
Síbẹ̀, mo kan sáárá sí Ìyá Eèrà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ọsibítù ń bú àwọn awakọ̀, ó dìde.

"Ẹ má bá wọn wí. Èmi ni mi ò jẹ́ kí àwọn eèrà tó kù dé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ló lè sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba?

Ẹ gbọ́ o: ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kọ́ ló máa ń mọ ọ̀nà jù. Ẹ jẹ́ kí kálukú dé, kó sọ tirẹ̀ tán, kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa eèrà ni í rí ìfun inú rẹ̀.