“Ṣé Ó Ń Wúkọ́?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá èèyàn tọ́mọ, ẹ má ka èyí dé ìdajì kẹ́ ẹ sá o. Ẹ kà á tán, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

1.
Mujeedat ń ta òkìríkà ọmọdé ní Amukoko. Ẹnu ẹ̀ mú. Bó o bá ń pariwo pé ọjà ẹ̀ wọ́n, ẹ̀rín ló máa rín. Á ní, “Kọ́sítọ́mà tó ń pariwo ò tíì lọ. Ẹni tó bá dákẹ́ lójijì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wà lọ́nà.”

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni Tonbra onídìrí, yàrá wọn kojú síra. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú ara wọn bí ọmọ ìyá.

“Mujee olè! Ṣé o tún ti gbé báàfù mi?”

“Pe ọlọ́pàá wá, ìwọ elẹ́nu bí fèrè!”

2.
Nígbà òjò, ikọ́ mú Wosilat, ọmọ Mujeedat. Ikọ́ ọ̀hún ń dún bí ajá tó ń gbó. Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, nọ́ọ̀sì fún un lóògùn mu, ara ẹ̀ balẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Bó bá tún wú irú ikọ́ yìí, ẹ gbé e wá kíá.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni Mujeedat gbé bọ̀, ló bá di dókítà àdúgbò. Ọmọ ta ni ọ̀fun ń dùn? Á béèrè pé, “Ṣé ó ń wúkọ́ bí ajá?” Bí wọ́n bá ní rárá, á ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, bélúbélú lásán ni.” Á fi ṣíbí tẹ ahọ́n ọmọ, á yẹ ọ̀fun wò, á ro àdí sí i. Àwọn èèyàn ń dúpẹ́. Orí ẹ̀ wú.

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tonbra gbé Godstime, ọmọ ẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta, wọ ìsọ̀ Mujeedat. Láàárọ̀, ọmọ yìí ń ṣeré. Ní báyìí, ara ẹ̀ gbóná bí ààrò. Ó jókòó, ó na ọrùn síwájú, ó la ẹnu, itọ́ ń ṣàn dé àyà ẹ̀. Kò lè gbé omi mì. Ohùn ẹ̀ dà bíi tẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Bó bá ń mí sínú, á dún híín.

“Mujee, abẹ́g, jẹ́ ká lọ sọ́sibítù.”

“Ṣé ó ń wúkọ́?”

“Kò wúkọ́ rárá. Ó kàn dákẹ́ ṣáá.”

“Ó ti tán nìyẹn! Ọmọ tí ò wúkọ́, kí lo fẹ́ lọ sọ fún dókítà? Tẹ́ ẹ síbí.”

“Bí mo bá ti tẹ́ ẹ, ó ń jà o.”

“Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́?”

Ó tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ó ki ṣíbí àdí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Godstime jà gìdìgìdì. Ètè ẹ̀ yí sí àwọ̀ aró.

Tonbra ké, ó já ọmọ ẹ̀ gbà, ó gbé e jókòó. Èémí tún ń wọlé, tín-ín-rín. Báyọ̀ oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò ló gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba àárín àwọn tírélà tó tò sọ́nà èbúté Tin Can, ó ń fi hóònù bẹ gbogbo ayé, títí dé ọsibítù kan ní Apapa.

4.
Rọ́bà ni wọ́n ki bọ ọ̀nà èémí ọmọ kó tó lè mí. Dókítà jáde, òógùn bò ó.

“Ìdérí ẹnu ọ̀nà èémí ẹ̀ ló wú. Ìyẹn kì í sábà mú ọmọ wúkọ́. Mo rí epo lọ́fun ẹ̀. Ta ló ki nǹkan bọ ọmọ yìí lẹ́nu?”

Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ Mujeedat, lábẹ́ híjáàbù. Ó gbọ́ ohùn ara ẹ̀ tó ń sọ pé, “A ò mọ̀ o, dókítà.”

Tonbra wo ojú ẹ̀. Ó wo híjáàbù náà. Ó yíjú, ó tẹ̀ lé dókítà wọlé.

5.
Ọlọ́run ṣàánú, Godstime yè. Ṣùgbọ́n títí dòní, bó bá rí ṣíbí, ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ló ń sá sí.

Mujeedat ń retí ìjà. Ó fẹ́ kí Tonbra fa aṣọ òun ya, kó pe òun ní apààyàn láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tonbra ò bú u. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ọsibítù dé, ó kàn ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Tonbra tó ń pè é ní olè ló wá ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀! Ara Mujeedat bù máṣọ. Ó wọlé, ó fi híjáàbù bojú, ó sunkún. Ta ló tún fẹ́ kọ́ ọ lọ́gbọ́n? Kọ́sítọ́mà tó dákẹ́ ti lọ. Ọmọ tó dákẹ́ sì ti ń lọ nígbà tóun ń béèrè ikọ́.

Ẹ̀yin òbí, ikọ́ bí ajá kì í ṣe eré: bí ọmọ bá ń jà kó tó mí, ẹ gbé e lọ. Àmọ́ ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná lójijì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, tí ò lè gbé nǹkan mì, tó ń na ọrùn kó tó mí, ẹ má dúró de ikọ́ kankan. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ má yẹ ọ̀fun ẹ̀ wò, ẹ má fún un ní nǹkan mu. Ẹ gbé e jókòó lórí itan, ẹ rẹ̀ ẹ́ kó má sunkún, ó di ọsibítù kíákíá.

Mo-gbọ́n-tán, mo-mọ̀-tán, ni kò jẹ́ kí agbọ́n lóró bí oyin.