Bẹ́líìtì Ìbàdí Tí Káfíńtà Fi Di Àga

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín o, ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ máa ń sọ pé oyún kì í ṣe àìsàn, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

1. Káfíńtà kan wà tí àdúgbò ń pè ní Mọ̀-ọ́n-tán. Kò sí ohun tí kò mọ̀, àfi bí wọ́n ṣe ń panu mọ́. Òkè ìsọ̀ rẹ̀ ni òun àti ìyàwó ń gbé, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀. Ìyàwó ló ń fi sanpépà ha pákó, òun náà ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, torí ẹnu ọkọ rẹ̀ kò ṣe é dúró tì.

Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́fà, ìrora mú obìnrin náà ní egungun iwájú ìbàdí. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan láti wọ bàtà, àfi bíi pé wọ́n ń ya á sí méjì. Agbẹ̀bí ní oríkèé ibẹ̀ ló ń dẹ̀ nítorí oyún. Ó fún un ní bẹ́líìtì fífẹ̀ tí yóò máa dè mọ́ ìbàdí. Ó ní kó máa jókòó wọṣọ, kó pa orúnkún pọ̀ bó bá ń yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, kó má sì gbé ẹrù rárá.

Mọ̀-ọ́n-tán rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun bí mẹ́jọ láìde nǹkan kan. Àfi bíi pé òun ló gbẹ̀bí wọn!

2. Lọ́jọ́ kan, ó ń ṣe àga fún olùkọ́ obìnrin kan. Ó fi gọ́ọ̀mù sí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó wá ohun tí yóò fi dì í, kò rí. Ẹ gbọ́ ohun tí ọlọ́gbọ́n yìí ṣe. Ó gòkè lọ, ó mú bẹ́líìtì ìyàwó rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ àga.

Ìyàwó rọra sọ̀kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, n ò lè dúró dáadáa láìsí nǹkan yẹn."

"Ṣe sùúrù. Tí mo bá tú u, oríkèé àga á yẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé ẹrù kankan títí di ọ̀la."

Ẹnu yẹn náà ló fi ní kí aláboyún bá òun gbé pákó wọlé kí òjò tó dé. Ó gbé e. Ìbàdí ta á, ó lulẹ̀, kò lè dìde. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ṣe wọlé bá wọn. Ó wo bẹ́líìtì lára àga, ó wo obìnrin nílẹ̀, ó ní òun ò gba àga náà mọ́. Kò sì pa á mọ́ra, gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

3. Obìnrin náà bí ọmọbìnrin, a dúpẹ́. Oyún lọ, ìrora ò lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ṣì ń ti ọ̀pá rìn, ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé, fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Kò bá a jà. Ó gbé ìyá àti ọmọ sínú bọ́ọ̀sì, ó kó wọn lọ sílé rẹ̀.

Lọ́hùn-ún, wọ́n mú un lọ sọ́sípítù, wọ́n ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na iṣan ìbàdí díẹ̀díẹ̀. Oṣù tí ọmọ ń kọ́ ìrìn ni ìyá náà ju ọ̀pá nù.

Ìgbà tí ìsọ̀ dá páropáro ni Mọ̀-ọ́n-tán tó rántí pé òun níyàwó. Ó wá bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ nílé.

Ìyàwó bi í pé, "Àga tí ẹ fi bẹ́líìtì mi dì ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó le dáadáa."

"Ẹ lọ jókòó sórí ẹ̀."

Orí ẹ̀ náà ló jókòó sí dòní, òun nìkan. Ẹ̀yin ọkọ, bí aya yín bá ní ìbàdí ń dun òun, yálà nínú oyún tàbí lẹ́yìn ìbí, ẹ gba ẹrù lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Ẹ má jẹ́ kó di pé igi sàn ju ènìyàn lọ lójú yín. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.