Ẹja Inú Ìgò Yésúfù

Ohun tí ẹja ò bá lè mu, Yésúfù ahunṣọ ní òun náà ò ní í mu ún. Gbogbo agboolé rẹ̀ ní Àrẹ̀mọ ló gbọ́.

Ìyẹ̀fun funfun tí ajẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n máa dà sí kànga ló fà á. Japheth wòléwòlé ló wá dà á. Ó ní inú omi ni ìgbẹ́ gbuuru tó pa Gàníyù, àbúrò Yésúfù, ti wá, oògùn yìí ni yóò sì kápá rẹ̀. Yésúfù bu omi náà sínú ìgò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó rà ní Ọjà'ba, ó ju èpìyà kékeré sí i. Kó tó kírun Alásárì tán, ẹja ti yí ikùn sókè.

"Àtọ́kẹ́," ó pe ìyàwó rẹ̀, "ṣé o rí i?"

Ó padà sí omi odò Ògùnpa, èyí tí Gàníyù náà ń mu. Lọ́jọ́ kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ.

Ara Àtọ́kẹ́ ò balẹ̀ mọ́. Ó ti kíyè sí i pé òórùn oògùn kì í sí nínú omi kànga tó bá pẹ́ nínú oòrùn mọ́. Ó ní kí Yésúfù wá ẹja mìíràn, kó sì fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ fún òun. Yésúfù gbà, àmọ́ ọjọ́ tí ẹja bá kú, odò ni títí ayé.

Ọjọ́ méjì-méjì ni omi ń lò nínú agbada lẹ́yìn ilé. Àtọ́kẹ́ á ju èédú sí i, á rò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á tún rò ó. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, ó ti dúró ti ìgò. Kúlúsúmù, opó Gàníyù, bi í pé ìgbà wo ni wọn ó sọ ẹja lórúkọ.

Láràárọ̀, Yésúfù á wo ẹja, á fa aáṣáà tó ti dí i nímú láti ọdún mẹ́wàá, á sì mu omi inú àmù tí Àtọ́kẹ́ pọn fún un. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, inú rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ẹja gbọ́n ju wòléwòlé lọ," ó ní.

Nígbà tí Japheth padà wá, ó bá Àtọ́kẹ́ nídìí agbada, ó bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Bó ṣe gbọ́, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá, bí òórùn yẹn bá ti lọ, oògùn ti bá a lọ nìyẹn. Omi lásán lẹ ń fún bàbá mu. Ohun tó pa àbúrò wọn lè ṣì wà nínú ẹ̀."

Àtọ́kẹ́ kọ́kọ́ yọjú wò bóyá ọkọ rẹ̀ wà nítòsí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ti ẹja nìkan ni mò ń sá sóòrùn."