Shefali ti dìbò

Ìdìbò ń lọ lọ́wọ́ ní ilé ìwé kan ní ìlú Tongi. Nídìí àpótí ìbò, èmi ni aṣojú Mofazzal Talukdar, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ di aṣòfin.

Ìyá Shefali fi ìka kan àwòrán kan nínú ìwé orúkọ iwájú mi.

"Dulal, wọ́n fàlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Kí ló dé?"

"Ó ti dìbò ni, Màmá."

"Shefali? Lónìí?"

"Láàárọ̀."

Ó di etí tábìlì mú. "Aṣọ wo ló wọ̀?"

Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ pòṣé. "Ẹ dìbò yín kí ẹ kúrò lọ́nà jàre. Oòrùn ń pa wá."

Ìyá Shefali kò tilẹ̀ gbọ́. "Ṣé ó rù? Ṣé ó béèrè mi?"

Mo ní sárì aláwọ̀ ewé ló wọ̀.

Ó sáré jáde láìdìbò. Mò ń gbọ́ ọ lójú títì, ó ń pe ọmọ rẹ̀.

Ọdún kẹta rèé tí iná jó ilé iṣẹ́ wa. Talukdar ní Shefali kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, pé ó bá ọkùnrin kan sá lọ sí Chittagong. Ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́.

Mo ká àtàǹpàkò mi tó ní tàdáwà mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

Àwọn èèyàn Talukdar ní kí n dìbò lórúkọ ẹni tí kò ní wá. Ti Shefali ni mo kọ́kọ́ mú.

Ó dá mi lójú pé kò ní wá. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn àjà kẹta pa mọ́ òun àti àwọn tó kù lọ́jọ́ iná náà, mo sì gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ mi.